Ẹ̀jẹ̀ Kì í Ṣe Fàyàwọ́: Ìgbésí Ayé Olóògbé Nathaniel Túnbọ̀sún Ọdẹkúnlé (1952–2025)

Ẹ̀gùá ni wọ́n bí Bàbá wa, Olóògbé Nathaniel Túnbọ̀sún Ọdẹkúnlé, sí ní oṣù kẹta ọdún 1952, ní agboolé Ọdẹkúnlé. Akínyẹmí, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, ni bàbá wọn. Àpèkẹ́, tó máa ń ru gàrí kọjá ẹnubodè lọ tà, ni ìyá wọn. Àwọn àgbà ilé sọ pé ọmọ náà ti ń kanra láti kékeré, torí pé ìdáhùn tí wọ́n ń fún ìbéèrè rẹ̀ kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwa ọmọ wọn lè jẹ́rìí sí i.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ní Ẹ̀gùá, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1974, wọ́n sì fẹ́ Màmá wa, Olúwakẹ́mi, ọmọ Oyèkúnlé ní Ìlaròó, ní 1980. Màmá sọ pé lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ wá kí àwọn òbí àwọn, ẹnì kan nínú ilé ní ìrònú nìkan ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Bàbá gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé títí ọbẹ̀ fi tutù. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má rí ìyàwó fẹ́.

Láti 1975 títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2010, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Ayétòrò ní ẹ̀kọ́ nípa ara. Bàbá kì í fi pátákó kọ́ni ní ìrìn ẹ̀jẹ̀. Eérú ni wọ́n ń dà sórí ilẹ̀ pápá, wọ́n á fi ya ọkàn tó ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, pẹ̀lú ògiri láàárín ọ̀tún àti òsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń ti ara bọ̀ á mú ewé gbígbẹ lọ́wọ́, á wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, á sọ̀ kalẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀, ìyẹn á sì tì í jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò méjì tó dúró fún ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀ ni á ti sọ ewé gbígbẹ nù, tí á mú ewé tútù, torí níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Á padà wọ yàrá òkè lápá òsì, á sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ tó lágbára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn á wá tì í káàkiri ara: dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ orí, dé ilé ìgbẹ́ tó jẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ kan á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà pẹ̀yìn dà.

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mú Bàbá bínú. Oòrùn ń mú, ìdí máńgòrò jìnnà, àwọn ọmọ á kàn fo ògiri eérú láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Ọmọ ẹnubodè ni wọ́n, wọn kò gbà pé ògiri kan wà tí kò ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bàbá á ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe fàyàwọ́. Kò sí ọ̀nà igbó níbí. Ó yá, padà." Àwọn tó ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ ní Ayétòrò ṣì máa ń fi gbólóhùn yìí kí wọn lójú títì.

Ìjọ fi wọ́n ṣe alàgbà ní 2008. Wọ́n ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí oníwàásù kankan sinmi tó bá ti sọ pé ọkàn ló ń ronú.

Ní 2016, Kẹ́misọ́lá ọmọ wọn àti Basit ọkọ rẹ̀ bí Toheebat. Bí ọmọ náà bá ń sunkún, ètè rẹ̀ á dúdú bí ẹni tó lá aró. Dókítà ní ihò wà lára ògiri àárín ọkàn rẹ̀, ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sì há, pé láìsí iṣẹ́ abẹ, kò ní dàgbà. Àlájà Mẹ̀dínátù, ìyá Basit, kò gbà. Wọ́n ní òtútù ni, òrí ni kí wọ́n fi máa pa á lára, kò sẹ́ni tí yóò la àyà ọmọ àwọn. Basit kò lè já ìyá rẹ̀ níyàn. Oṣù ń gorí oṣù. Bàbá lọ bá Àlájà ní Ìpókíá, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n bínú jáde, wọ́n tún padà lọ. Gbogbo ayé sú wọn. Ẹ̀rù ló wà nínú ìkanra náà, torí Màmá gbọ́ nígbà tí Bàbá ń sunkún nínú balùwẹ̀.

Nígbà tí Àlájà wá wo ọmọ nílé wa, Bàbá da eérú sórí ilẹ̀ pálọ̀ tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Màmá sọ̀rọ̀ sí wọn gan-an, wọ́n ń ya ọkàn tiwọn lọ. Wọ́n fún Àlájà ní ewé gbígbẹ, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rìn. Àlájà rìn, wọ́n gba ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n yí i ká tán. Bàbá wá fi ẹsẹ̀ nu díẹ̀ kúrò lára ògiri àárín, wọ́n fún wọn ní ewé gbígbẹ mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n gba ibi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Orúnkún ń dun Àlájà, àlàfo yẹn ni wọ́n gbà.

Bàbá ní, "Àlájà, ẹ wo ọwọ́ yín. Kí lẹ gbé wá fún ara?"

Àlájà wo ewé gbígbẹ náà, wọ́n wo ètè ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ Kẹ́misọ́lá. Wọ́n jókòó sínú eérú taṣọtaṣọ. Wọ́n ní, "Basit, ẹ gbé e lọ. Ẹ má bi mí mọ́."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n dí ihò ọ̀hún, wọ́n sì la ọ̀nà tó há. Bàbá bá dókítà jiyàn pé àwòrán ọkàn tó gbé kọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀ kò dára tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹnì kan tó ń polówó àgbo sọ lórí rédíò pé inú ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń rí afẹ́fẹ́ gbà. Bàbá ní, "Ẹ gbọ́ irọ́." Wọ́n dìde pa rédíò, wọ́n padà jókòó, ọkàn tiwọn sì dáṣẹ́ dúró. Màmá rò pé inú ló ń bí wọn, wọ́n ní kí àwọn fi wọ́n sílẹ̀ títí inú wọn yóò fi rọ̀.

Bàbá fi Màmá Olúwakẹ́mi sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Ọmọ́délé àti Kẹ́misọ́lá, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Jibril, Olúwadárasími àti Toheebat. Toheebat, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni yóò gbé fọ́tò Bàbá ṣíwájú pósí gun òkè lọ sí ilé ìjọ. Àlájà Mẹ̀dínátù ló bẹ ìdílé pé kí a gbé e fún un. Òkè náà ga, ọmọ náà sì ti ní ńṣe ni òun máa sáré gùn ún. A bẹ ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó rọra.

Ó dàárọ̀, Tíṣà. Ẹ sùn láìbínú.