Mi Ò Dìde Lórí Ewé Gbígbẹ Yẹn

Ilé Kẹsàn-án, F Kílóòsì,
Festac Town, Èkó.
26 Oṣù Kejì, 1985.

Ẹ̀bùnlọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, kí ooru Ìlọrin má sì dà ọ́ láàmú. Ara èmi àti bàbá rẹ le, a dúpẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwọn ìgbín mọ́kànlá tí o fi sílẹ̀ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí mo kọ̀wé sí ọ lọ́dún tó kọjá pé olè kó wọn, irọ́ ni mo pa. Nígbà ọyẹ́, mo rí i pé nǹkan funfun kan ti le bí bébà bo ẹnu ìkarahun wọn, wọn ò mira mọ́. Mo ní wọ́n ti kú. Mo da mẹ́wàá tí mo rí sínú ìdọ̀tí, mọ́tò akólẹ̀ sì gbé wọn lọ. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ẹyọ kan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀ ti nǹkan funfun ẹnu rẹ̀ kúrò, ó ń gun ògiri lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àṣé oorun ni wọ́n ń sùn! Ojú tì mí, mi ò lè kọ ọ́ sí ọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọ̀pọ̀lọ́ a fi ìdí wa ilẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, a wọlé sínú rẹ̀. Ìgbín a sá sábẹ́ ewé gbígbẹ, a ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bí òjò bá ti rọ ilẹ̀, abo alángbá a gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀, a yé ẹyin sí i. Lásìkò òjò tó kọjá, àwọn ìgbín mìíràn wá láti etí kánáàlì bá ọ̀kan tiwa yẹn. Mo ka mẹ́fà. Bóyá mo tiẹ̀ ń ṣi í sọ, ìwọ náà mọ̀ pé F9 ni mo gbà nínú bàọ́lójì. Ojú mi ni mo fi rí i ṣá.

Ní Sátidé ìmọ́tótó tó kọjá yìí, Bọ̀dá Clement, alága kílóòsì wa, gbé kẹrosíìnì àti ìṣáná dé. Ó ní gbogbo ewé gbígbẹ gbọ́dọ̀ jóná kí aago mẹ́wàá tó lù, nítorí ejò. Mo ti gbá iwájú ilé, mo ti da omi inú gbogbo agolo nù nítorí ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n mo gbé àpótí lé orí ewé ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ìgbín sùn sábẹ́ rẹ̀, mo jókòó. Ó ní, “Madam, ẹ dìde, òfin ìjọba ni.” Mo ní, “Bọ̀dá Clement, ilẹ̀ ni ìjọba ní ká gbá, wọn ò ní ká dáná sun ẹ̀dá alààyè.” Alhaja Sẹ̀kínátù tó ń tajà lẹ́nu géètì pariwo láti ẹ̀yìn fẹ́ńsì: “Ìyá Ẹ̀bùn! Ṣé ìgbín ló máa sìnkú yín ni? Ẹ jẹ́ ká fi ata sè é, kí gbogbo wa sinmi!” Àwọn ará kílóòsì tó ń gbálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí wolé-wolé fi dé. Mo hú ìgbín kan jáde, mo fi hàn án. Ó gbọ̀n ọ́n létí ara rẹ̀, ó ní, “Màmá, òkú lẹ dì mú yìí.” Mo bu omi, mo rì í sínú rẹ̀. A dúró, a dúró. Kò mira. Ọmọ mi, mo ní àbí òótọ́ ni wọ́n ń sọ? Bàbá rẹ pè mí láti inú ilé: “Adébùnmí, o ń dójú tì wá!” Mi ò dìde. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, tí àkókò ìmọ́tótó parí, wolé-wolé kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó ní kí n yọjú sí ọ́fíìsì àwọn ní Tọ́sìdé. Bọ̀dá Clement gbé kẹrosíìnì rẹ̀, ó ní òun ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Màá lọ ní Tọ́sìdé o. Màá sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ bóyá ìgbín yẹn yè tàbí ó ti kú. Kí wọ́n jẹ́ kí òjò rọ̀ ná. Bí Bọ̀dá Clement bá sì ṣáájú òjò dé, yóò bá mi lórí àpótí. Mẹ́wàá tí mo dà nù tó gẹ́ẹ́.

Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Bí inú bá ń bí ọ, kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ṣáà kọ̀wé. Ìwé tí o ń kà yóò yé ọ, ìdánwò kò ní dá ọ padà, ojú mi yóò sì rí ọ láyọ̀ nígbà họlidé.

Èmi ni ìyá rẹ tó purọ́ fún ọ, tó sì ti jẹ́wọ́,
Adébùnmí.

Àfikún: Bàbá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní kí n fi kún un pé òun fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná mu lórí àpótí lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni. Ojú fèrèsé ló ti nà án sí mi, kò jáde.