Orin Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ṣọ́ọ̀bù yín pẹ̀lú ìlera, láàárín àwọn rédíò tí ẹ tú palẹ̀, kí iná wáyà kankan má sì gbé yín. Ara ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ yín náà, le níbí, ó ti ń sáré ká ilé. Èmi ni mi ò gbádùn, kì í sì í ṣe àìsàn tí dókítà lè wò.

Ẹ rántí téèpù tí bàbá ọmọ mi fi gba orin ara rẹ̀ sílẹ̀, òun àti gìtá rẹ̀, lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pa á rẹ́.

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wa ti kọṣẹ́ pátápátá, ti tísà tó ń gbé yàrá kejì ni mo ń yá lò. Orin kan wà tí rédíò máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án Sunday. Bí ọmọ yín bá ti ń gbọ́ ọ, á jẹun láìjà. Mo ní kí n gbà á sílẹ̀ ká lè máa gbọ́ ọ nílé. Mi ò ní téèpù tuntun, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀yìn téèpù bàbá ọmọ mi ṣófo. Ẹ̀rọ tiwa, ìdajì ìbú téèpù ló ń lò; bí èèyàn bá dojú rẹ̀ dé, á lo ìdajì kejì, ọ̀kan kì í fọwọ́ kan èkejì. Mo dojú téèpù dé, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo tún ń jó pẹ̀lú ọmọ.

Nígbà tó di Tuesday, mo dá a padà sójú, mo sáré yí i dé nọ́ńbà ogójì lójú ẹ̀rọ, níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Orin rédíò ló ń jáde, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, bí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mì. Tísà yọjú, ó ní, "Háà, ìyá ọmọ! Tèmi kì í pín téèpù sí méjì o, gbogbo ìbú ló ń gbà. Ẹ ò ṣe bi mí?" Mi ò bi í.

Bàbá ọkọ mi sì ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni gìtá. Wọn ò jókòó gbọ́ ọmọ wọn rí títí ó fi kú. Wọ́n wá kọ̀wé sí mi pé, "Ìyàwó wa, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Má jẹ̀ẹ́ kí n kú láìgbọ́ ọ." Ọjọ́ méjì ni wọn yóò lò nínú ọkọ̀ ojú irin. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n fi orin ẹlòmíràn tàn wọ́n, torí etí wọn ti ń wúwo. Ojú ara mi ń tì mí.

Nígbà tí ẹ bá wa tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́sí, kó tó kọṣẹ́ pátápátá, téèpù yẹn ni ẹ fi dán an wò. Ẹ sì máa ń da orin oníbàárà kọ sórí téèpù tiyín, tí mo fi ń pè yín ní olè orin. Ẹ jọ̀ọ́, mo kúnlẹ̀, ẹ sọ fún mi pé ẹ jí i.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Ilé yín kò ní dákẹ́ bí ilé mi ṣe dákẹ́ yìí.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tí ẹ sọ ní Kánjúkánjú.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu àpò ìwé kí n tó yí téèpù padà dé ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ibi tí mo máa ń fò nítorí ariwo títún okùn gìtá ṣe. Ibẹ̀ ni ìparí ẹ̀yìn téèpù; orin rédíò ti parí kí téèpù tó tán, kò pa ibẹ̀ rẹ́. Bàbá ọmọ mi ń fa okùn, ó wúkọ́, ó wá ní, "Bàbá, orin yín rèé. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ fún." Ó ta gìtá lẹ́ẹ̀mejì, rédíò gbé e mì. Látọjọ́ yìí ni mo ti ń fò ó! Bí ẹ jí orin náà o, bí ẹ ò jí i o, ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá da ìwọ̀nba yìí kọ kí Bàbá tó dé. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.