Àdògán Wúrà Nínú Yàrá Ìkókó

Ẹ̀yìn Ọjà,
Agége, Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Bọ̀ọ̀dá Ishaq,

Àsàlámù aléékùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ṣé Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó yín, ń gbé oyún rẹ̀ láìsí ìnira? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín láyọ̀, nítorí kò sí ayọ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Làsísì awakọ̀ ni mo fẹ́ fi í rán, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ibi kòtò wúrà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ti gbọ́ pé mo bí obìnrin. Ohun tí ẹ ò tíì gbọ́ ni pé ọmọ náà wà ní ilé ìwòsàn ní Ìkẹjà. Ó ń gbọ̀n, kò lè mu ọyàn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bá a mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹkún ò wá mọ́.

Òjò ló rọ̀ lọ́sẹ̀ tí mo bímọ, yàrá wa sì tutù. Ẹ mọ ìyá ọkọ mi, wọn ò lè rí ìyá ìkókó kí wọ́n má dá iná fún un láti yá. Àdògán tiwọn ti lu nísàlẹ̀, ni wọ́n bá lọ gbé ti Dàwódù ọkọ mi ní ìsọ̀, èyí tó fi ń sun wúrà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n kó èédú sí i, wọ́n gbé e sẹ́bàá ibùsùn, wọ́n ti fèrèsé kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ọmọ. Èmi gan-an dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Dókítà bi wá léèrè ohun tí à ń sun nílé. Bí Dàwódù ṣe ṣàlàyé, dókítà káwọ́ lérí. Ó ní mákúrì, omi bíi fàdákà tí ẹ fi ń kó wúrà jọ nínú erùpẹ̀, kì í kú sínú iná. Èéfín olóró ló ń dà. Ó ń lẹ̀ mọ́ àdògán, bí iná bá tún ràn, á tún jáde. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ẹjọ́ wọn kọ́, síbẹ̀ wọn ò tíì fẹnu kan oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ fún mi rí pé odò ẹ̀yìn abúlé ti pọ́n, pé ẹja ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹja ò kọ́lé fún ẹnikẹ́ni rí. Odò yẹn ni Àbẹ̀kẹ́ ń pọn mu. Ibi ìdáná rẹ̀ ni ẹ̀yin náà ti ń sun wúrà. Àwọn obìnrin GRA tó ń fi í ṣe ọrùn lọ́ṣọ̀ọ́ ò mọ̀, àwa tí a ti wá mọ̀ ńkọ́? Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kó ìyàwó yín lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ kó tó bí. Ẹ fi kòtò yẹn sílẹ̀. Ebi ò dáa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ lèrè ayé, kì í ṣe wúrà.

Kí Ọlọ́run bá wa wo ọmọ yìí sàn. Kó sọ Àbẹ̀kẹ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Modinat.

Ẹ tún gbọ́: Làsísì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti gba lẹ́tà yìí, ó sì gbé wúrà tuntun tí ẹ fi rán an wá. Mo ní kí Dàwódù dá a padà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí ni kí òun wá fi ra oògùn ọmọ. Ó ti ń fẹ́ iná báyìí ní ẹ̀yìnkùlé, mi ò sì lè ní kó má fẹ́ ẹ.