Ibi Tí Kẹ́tù Ti Súfèé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, 2005

Ìwé, dákun, má bínú sí àfojúdi mi. Ta ni èmi tí mo fi ń kọ ìwé ìrántí? Ọmọ ọdún kìíní ni mí ní yunifásítì. Mo ti lo oṣù kan níbẹ̀, mi ò sì tíì la ẹnu ní kíláàsì àfi tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lónìí kò ṣe é gbé mì.

Olùkọ́ ìtàn orin wa – Oníborùn ni mo ń pè é, torí kì í bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ bí yàrá tiẹ̀ gbóná – fún wa ní iṣẹ́. Ojú ewé kan: kí ló mú kí orin rọ́ọ̀kì àwọn ọdún 1980 ní ìlú wa jẹ́ mánigbàgbé? Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò kà á níwájú èrò ní àpèjọ ìrántí lópin oṣù. Ẹgbẹ́ olórin Afárá Kejì, tó lókìkí jù nígbà náà, fúnra wọn ń bọ̀ wá kọrin.

Ó wá tan téèpù àtijọ́ kan fún wa, orin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí tiwọn: "Fèrèsé Kẹta". Gìtá kan, ohùn ọkùnrin kan bí ẹni tí òtútù mú. Ní àárín ẹsẹ kẹta, kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi tíì súfèé. Orin já. Ó parí. Oníborùn di ojú. Ó ní ìbínú ìran kan ni kẹ́tù yẹn, pé ẹnu tí ìjọba fi ọwọ́ bò ni. Faína tó jókòó tì mí ń nu ojú.

Kẹ́tù ìyá bàbá mi ni. Ó wà lórí sítóòfù wa di òní. Bàbá mi ló kọ orin náà, láti kékeré ni mo ti mọ̀.

Mo yá Faína ní áńkáṣíìfù mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo kọ díẹ̀. Mo ya á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Pàpá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ le. Bọ́ọ̀sì oníwáyà ló ń wà, èyí tó ń fa iná láti ara wáyà òkè. Yìnyín àkọ́kọ́ já a kúrò lára wáyà lójú ọ̀nà, àwọn èrò inú ọkọ̀ sì bú u bí ẹni pé òun ló rọ yìnyín. Mo bi í ní ìbéèrè Oníborùn.

"Mánigbàgbé? Òtútù ni. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ní, "Pàpá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé kan ni."

"A tò fún bàtà, a tò fún sọ́séèjì, a tò fún orin. Lọ kọ ọ́ pé inú wa dùn. Ohun táwọn olùkọ́ yín fẹ́ nìyẹn."

Nígbà tó jẹ pẹlimẹ́nì, ìyẹ̀fun bíbọ̀ tí ẹran wà nínú rẹ̀, tán, ahọ́n rẹ̀ tú díẹ̀. Ìgbà òtútù ọdún 1985. Inú ilé ìdáná yìí ló ti gba orin náà sílẹ̀. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn kí àwọn ará ilé kejì má bàa pariwo, ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ sórí okùn ìsáṣọ láàárín àwọn ìbọ̀sẹ̀ ìyá rẹ̀. Tólyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló máa ń ṣe ẹ̀dà téèpù fún gbogbo apá ibí yìí. Ìwọ lo máa gbé téèpù òfìfo tìrẹ lọ, yóò gba Afárá Kejì sí i fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ìdí téèpù bá ṣófo, ìjà dé: wọ́n á ní ahun ni Tólyà, ó gé orin kù. Ni Tólyà bá ń fi ohun tó bá wà nítòsí dí i. Orin Pàpá ló wà nítòsí lọ́dún yẹn. Kò kọ orúkọ kankan sí i lára.

Àwọn èèyàn ṣe ẹ̀dà látinú ẹ̀dà, ó dé ìlú Ọ́msìkì, ó dé Lẹnínígíráàdì lọ́nà jíjìn. Kí yìnyín tó yọ́, "Fèrèsé Kẹta" ti di ti Afárá Kejì.

"Ẹ ò wá sọ̀rọ̀?"

"Fún ta ni? Ṣé kí n máa sáré tẹ̀lé téèpù kiri ni?"

Mo bi í pé ìyókù ẹsẹ kẹta ńkọ́, èyí tí téèpù kò gbé.

Ó bu tíì. Ó ní, "Ó wà."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo tún béèrè ìyókù. "Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́?"

Màmá pè láti ìlú Pẹ́mù, láti ilé ọkọ rẹ̀ tuntun. Mo bi í bóyá Pàpá ti kọ ìyókù fún òun rí. Ó ní, "Bàbá rẹ? Kí ló bẹ̀rẹ̀ tó parí?" Mi ò jẹ́ kí Pàpá gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo gbọ́ ọ! Ó ń wẹ̀, ó ń kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè:

*Fèrèsé kẹta, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún,*
*ẹni tó ń dúró níbẹ̀ ti kẹ́rù lọ.*

Mi ò mọ̀ bóyá ó dára. Kí ni mo mọ̀? Ó gbọ́dọ̀ dára.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Tèmi ni wọ́n mú! Èmi, Rímmà, tí ohùn mi kì í dé ìjókòó kejì. Mo kọ ọ́ pé ohun tó mú kí àwọn ọdún yẹn jẹ́ mánigbàgbé ni pé ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí téèpù ṣófo. Oníborùn ní òun kò ka irú rẹ̀ rí. Mi ò dárúkọ Pàpá níbẹ̀. Lẹ́yìn kíláàsì ni mo tó sọ ọ́ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. "Ọmọ mi, bàbá rẹ ló ṣìkẹrin àwọn tó ní àwọn ló kọ ọ́. Èyí tó wá kẹ́yìn, oníṣègùn eyín ni."

Mo ní Pàpá mọ ìyókù orin náà.

"Kò sí ìyókù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà."

Mo kórìíra aṣọ ọrùn rẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Pàpá ní òun ń bọ̀ wá sí àpèjọ lọ́la. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti pète: bí mo bá kàwé tán, n ó pè é jáde kó kọ ìyókù. Mi ò sọ fún un. Bí mo bá sọ, kò ní wá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Ó ti ṣẹlẹ̀. Lánàá, lọ́sàn-án.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé sítóòfù oníná sórí ìtàgé, wọ́n gbé kẹ́tù lé e – tuntun, ó ń dán. Velíkhin, olórí Afárá Kejì, irun rẹ̀ ti funfun báláú, bẹ̀rẹ̀ "Fèrèsé Kẹta", gbogbo èrò sì gbè é. Mo wo Pàpá. Ètè rẹ̀ ń bá orin náà lọ. Kẹ́tù súfèé. Orin já. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ bí ìgbà tí òkú ń kọjá.

Wọ́n pè mí. Mo kà á. Mi ò rántí bí mo ṣe kà á. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́: ẹni tó kọ orin yìí wà níbí, ó mọ ìyókù, bàbá mi ni.

Mo rò pé Velíkhin yóò bínú. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wá a láàárín èrò. "Ìgbà wo ni mo ti ń sọ pé kì í ṣe tèmi? Ẹ ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba ẹrù yín. Ẹ kọ ìyókù fún wa." Ó na gìtá náà síta.

Wọ́n ń dúró dè é. Lóòótọ́ ni wọ́n ń dúró dè é.

Pàpá dìde. "Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn, àwàdà ló ń ṣe. Awakọ̀ ni mí. Gìtá kẹ̀?"

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Awakọ̀, ibùdókọ̀ tó kàn o!" Faína wò mí bí ẹni tó bá ọwọ́ mi nínú àpò rẹ̀.

A fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Kò sí ìyókù."

Mo ní mo gbọ́ ọ ní balùwẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ ọ́, torí o ń da mí láàmú. Lọ́jọ́ tí mo gba orin náà sílẹ̀, kẹ́tù hó, ìyá mi lọgun, mo pa ẹ̀rọ. Mo ní tí mo bá mu tíì tán, n ó parí ẹ̀. Ogún ọdún nìyẹn. Mi ò mọye ẹsẹ tí mo ti kọ. Ṣé eléyìí dára? Sọ òótọ́."

Mo ní ó dára.

"O ò mọ irọ́ pa." Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀, kò rí i. "Kẹ́tù ló parí ẹ̀, Rímmà. Ó sì parí ẹ̀ dáadáa jù bí mo ṣe lè parí ẹ̀ lọ. Mo dẹ̀ lè gbé láàárín àwọn tó ń kọ ọ́ báyìí. O wá fẹ́ kí n dúró síwájú wọn, kí n kọ èyí tí mo mọ̀ pé kò dára."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ní òwúrọ̀, kẹ́tù súfèé. Pàpá jókòó, èmi náà jókòó. Ó ń fọn, ó ń fọn, títí ará ilé kejì fi gbá ògiri.

Ìwé, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Oníborùn kò gbọdọ̀ mọ̀ pé òótọ́ lòun sọ. Màmá kò gbọdọ̀ mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ọ, pa ojú ewé yìí mọ́ fún mi. Jẹ́ kí wọ́n pe bàbá mi ní òpùrọ́ kẹrin, kí wọ́n pe èmi ní ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ìyókù wà.