Fìlà Bàbá Rẹ Ló Bọ́ Ewéko Inú Omi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn gíga tí o ń gùn lọ sí yàrá rẹ lójoojúmọ́, mo sì kí ẹni tó ń gbé lókè rẹ tí o ní ó máa ń wọ́ àga nílẹ̀ ṣáá, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó rí ibi tó wù ú gbé e sí. Ara rẹ kò ní rẹ̀ ọ́ jù, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo. Àmín. Bí o bá ń rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà, fóònù ti lọ, fara balẹ̀, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti jábọ́ lórí àkàbà níbi tí wọ́n ti ń kan àjà fún onílé kan, orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń gbé. Dókítà ní eegun ti jinná, kí wọ́n dìde, wọ́n ní ta ló bi dókítà. Àpótí gíláàsì tí o gbé wá fún wọn, ti ẹja wẹ́wẹ́ àti ewéko inú omi, òun nìkan ló ń mú wọn rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹja ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí mi, n kò sì bínú, torí ẹja kì í bá wọn jiyàn. Iná orí àpótí náà tún jẹ́ ọmọlúàbí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú á pa ara rẹ̀, kò dà bí ẹ̀yin ọmọ tí mo máa ń fi ariwo lé lẹ́yìn kí ẹ tó pa iná.

Àfi bí ewéko ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀ tẹ́lẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú, ihò dá sí i lára, òmíràn já, ó léfòó. Ẹja kò rí ibi sá pamọ́ sí mọ́, wọ́n kó jọ sí igun kan bí àlejò tí a kò fún ní àga. Bàbá rẹ bá kọjú sí ògiri. Bí mo ṣe gbé oúnjẹ síwájú wọn ni mo ń gbé e kúrò. Àgbẹ̀ ni mí, mo mọ ewé tí ebi ń pa, mo ní kí n bu ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sí omi náà, bàbá rẹ ní tí mo bá dán an wò, àwọn àti ẹja á kó jáde nílé.

Ìgbà náà ni mo pè ọ́, tí o ní kí n fi fóònù wo gbòǹgbò ewéko náà kí o lè rí i. Mo gbé e sí ara gíláàsì, o ní o kò rí i dáadáa, kí n sún mọ́ ọn. Ọmọ mi, mo sún mọ́ ọn. Ẹni tó ta fóònù fún mi ní omi kì í wọ inú rẹ̀, mo bá rì í wọ inú omi títí dé ìdí gbòǹgbò. Mo gbọ́ tí o ń pariwo pé kí n yọ ọ́, ohùn rẹ wá ń hó bí ìkòkò orí iná, mo ní bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn, títí di òní.

Nígbà tí ìgò oúnjẹ ewéko tí o fi rán awakọ̀ wá dé, kò sí bí n ó ṣe bi ọ́ bí a ṣe ń lò ó, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, torí òun ló máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún ẹni tó bá ń fá lórí. Ó dá abẹ dúró, ó yẹ ìgò wò, ó ní òyìnbó kọ “cap” síbẹ̀, pé fìlà kan ni kí a máa lò lọ́sẹ̀. Mo bi í pé fìlà ta ni. Ó ní ìwé kò sọ, ṣùgbọ́n fìlà baálé ilé ló yẹ kó jẹ́. Ọmọrí ìgò náà, tí wọ́n fa ìlà sí lára, mo jù ú nù, torí n kò rí ohun tó wúlò fún.

Mo délé, mo ní kí bàbá rẹ mú fìlà wá. Wọ́n ní èwo, ti ilé tàbí ti òde. Mo ní ewéko kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Wọ́n bá ṣí èyí tó wà lórí wọn, èyí tí wọn kì í ṣí fún dókítà pàápàá, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ewéko yìí ká wọn lára. Mo da nǹkan náà sínú fìlà ní ilé ìdáná, mo ń gbé e bọ̀. Ọmọ mi, fìlà kò mọ omi gbé. Ilẹ̀ mu nínú rẹ̀, aṣọ mi mu nínú rẹ̀, nígbà tí mo fi dé ìdí àpótí, ẹ̀kán díẹ̀ ló kù tó kán sínú omi. Mo ní iṣẹ́ bàjẹ́. Bàbá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ebi ti pa pẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Wá wo ewé lónìí. Ó rú, ó tutù minimini, ó gun òkè, ó bo iwájú gíláàsì débi pé bàbá rẹ kò rí ẹja láti orí àga mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fọ abọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí pé ẹja ti bímọ. Mo dé yàrá, bàbá rẹ wà lórí ìdúró. Wọ́n di etí àpótí mú, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wo àwọn ọmọ ẹja tín-ín-tìn-ìn-tín láàárín ewé láti òkè, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti dìde. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú mi. Ìgbà tí wọ́n rí ojú mi ni wọ́n tó wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé àga yẹn kúrò lọ́nà.

Wọ́n ti ń rìn dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ báyìí. Aránṣọ òdìkejì títì ń kó àwọn oníbàárà rẹ̀ wá wo ẹja wa. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ bàbá rẹ wò ní oògùn wo ni wọ́n lò, mo gbé ìgò jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ṣé kì í ṣe pé bàbá mu ún. Mo ní rárá, fìlà wọn ló mu ún. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìgò náà ti tán o, fi òmíràn ránṣẹ́, kí o sì fi owó fóònù sí i, èyí tó bá mọ omi wẹ̀ ni mo fẹ́ rà. Má fi owó sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn tó ń pọ owó jáde bi mí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ó tó, mo ń bi í léèrè ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ló gbé káàdì mi mì. Awakọ̀ ni kí o fi rán.

Ibi tí o bá forí lé, ọ̀nà yóò là fún ọ. Ọ̀gá rẹ yóò rí iṣẹ́ rẹ, kò ní rí ẹ̀bi rẹ. Ìwọ náà yóò bí, yóò yè, yóò dàgbà lójú rẹ. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé lọ́jọ́ tí o bá wálé, bí o bá kan ilẹ̀kùn, kí o ní sùúrù díẹ̀, kí o má tì í wọlé, nítorí àwọn fúnra àwọn ni yóò wá ṣí i fún ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.