Kọ̀ǹpútà Dádì Ló Ń Dá Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi.

Dádì mi ló ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn fún ẹgbẹ́ akọrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Dádì wá ń mú ohùn gbogbo wọn gba inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mú ohùn dán ní sítúdíò kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló sì ń fi íápíìsì sétí láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń kọrin. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kì í bá ìlù mu mọ́.

"Ṣé oorun ń kùn ọ́ ni?" ni Dádì ń wí. Wọ́n ti fẹ́ fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀.

Mo fi íápíìsì rẹ̀ sétí, mo pariwo "hẹ̀ẹ́!" sínú máìkì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ara mi. Kọ̀ǹpútà ni!

Ta ló tó sọ ọ́ fún Dádì? Wọ́n máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àti olùgbọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ ọ́. Ẹ má dárúkọ mi ṣá o, ọmọ méjì péré ni Dádì bí.