Ìhágún Mi Nítorí Mọ́tò Ìjàpá Tí Táyà Rẹ̀ Ń Ha Fẹ́ńdà

"Nusaybah! Kí lo ṣe sí sítíá mi? Bí o bá tún fọwọ́ kan mọ́tò yìí, wàláhì, màá pa ọ́, màá sì ṣe bí ẹni pé mi ò bí ọ rí!"

Ohun tí bàbá mi pariwo nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ yìí, lójú gbogbo àdúgbò. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Bàbá mi kì í búra lásán, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Èmi, Nusaybah Àbẹ̀kẹ́ Ádámù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ará ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni, mo sọ ọ́ pé orí mi pé, ara mi sì le, àyàfi àtàńpàkò mi tí sípánà gbá. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi kọ ọ́. Inú ló ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi Safiyyah ni kó bá mi pín ohun tí mo ní, torí òun nìkan ló lè ka ìkọ̀wé mi.

Èkíní. Alfa Toyyib, tí ilé kéú rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa, kọ́ wa pé wàsíyà, ìyẹn ohun tí èèyàn bá há fún ẹlòmíràn kó tó kú, kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí èèyàn ní. Híjáàbù mẹ́ta ni mo ní, ọ̀kan ni mo lè fi tọrẹ. Kí ọ̀rẹ́ mi Basheerah mú èyí tó ní àwọ̀ ewé. Orí rẹ̀ náà ló wà láti Ìtúnu Àwẹ̀, kò sì ní dá a padà bí mi ò tilẹ̀ kú.

Èkejì. Ewúrẹ́ kan ni mo ní. Mo fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ fún Alfa Toyyib fúnra rẹ̀, ìyẹn orí àti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ẹ má pa á o! Orí ló ń jẹun, nítorí náà Alfa ni yóò máa bọ́ ọ. Òun ló kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín lónìí.

Ẹ̀kẹta. Sípánà tó gbá mi lọ́wọ́, ti Bọ̀dá Sàní mẹkáníìkì ni. Kí ẹ dá a padà fún un nígbà tó bá ti Jẹ́bà dé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Mọ́tò Ìjàpá yìí, ti bàbá bàbá mi ni. Bàbá Àgbà máa ń gbé mi ka itan, màá di sítíá mú, a ó máa lọ bí ẹni pé Ẹ́míà ń retí wa. Nígbà tó kú, bàbá mi jogún rẹ̀, ó sì lọ ra táyà jíìpù sí i, ó ní kó lè ga kọjá kòtò. Láti ìgbà náà, bí sítíá bá ti yí dé òpin, táyà á máa ha fẹ́ńdà, irin tó bo táyà lórí: gbìrrrr! Àwọn ọmọ kéú á ní, "Ìjàpá ń sunkún o!" Ojú wá ń ti bàbá mi. Ó ní, "Ó ti sú mi. Alhaji Garba ará Fate fẹ́ rà á, ó ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ìyá mi ní, "Bàbá Safiyyah, ẹ yọ táyà náà, ẹ má ta mọ́tò."

"Kí n yọ táyà tuntun? Èmi kọ́!"

Ẹ wo ẹni tó ra fìlà tí kò bá a mu, tó wá fẹ́ ta orí.

Mo rò ó pé bí táyà kò bá ha fẹ́ńdà mọ́, wọn ò ní tà á. Lábẹ́ Ìjàpá níwájú, bóòtù méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó ń sọ fún sítíá pé ó tó. Bí o bá tú u jáde díẹ̀, sítíá á tètè dúró, táyà ò ní dé ibi fẹ́ńdà. Mo ti wo Bọ̀dá Sàní níbi tó ti ń ṣe irú rẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ ni, àbúrò. Yí i, kí o wò ó. Yí i, kí o wò ó." Èmi ò ní sùúrù yẹn. Bàbá mi wà lórí ìrun Alásárì, mọ́tò wà níwájú mọ́sáláṣí, mo mú sípánà Bọ̀dá Sàní wọ abẹ́ rẹ̀, mo tú bóòtù méjèèjì jáde débi tí wọ́n lè dé.

Mo bá bàbá mi wọ mọ́tò padà sílé. Ní kọ́nà tí Ìjàpá máa ń sunkún, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó jọ Bàbá Àgbà gan-an.

Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà agbo-ilé wa ni sítíá kọ̀, kò yí tó láti yà wọlé. Bàbá mi lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú, títí Ìjàpá fi dábùú ọ̀nà, imú sára ògiri ilé kéú, ìdí sára ògiri tiwa. Àwọn ọmọ kéú ju pátákó wàláà wọn sílẹ̀: "Ìjàpá há! Ìjàpá há!" Alfa Toyyib di ikùn mú fún ẹ̀rín. Bàbá mi wo gírísì tó wà lára híjáàbù mi, ó sì pariwo ohun tí mo kọ sókè yẹn. Ńṣe ni àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé ìdí mọ́tò wọlé bí ẹni gbé àga.

Ẹ̀kẹrin. Bàbá mi, ẹ̀yin ni ajogún mi. Alfa ní a kì í ṣe wàsíyà fún ajogún, nítorí náà mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ má bínú, òfin ni. Ẹ̀yin àti Ìyá mi lẹ ó jogún híjáàbù méjì àti ìdí ewúrẹ́.

Mo fọwọ́ sí i: Nusaybah Ádámù.
Ọjọ́ Àlàrùba, 12 oṣù Èrèlé, 2025.

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Safiyyah Ádámù (làálì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, kò ka nǹkan kan).
Basheerah Mahmud (mo kà á fún un dé ibi híjáàbù, ó ní òun gbà).

Àfikún, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́rìí ti lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tí bàbá mi ń sọ lórí fóònù pé: "Alhaji Garba, kò ha fẹ́ńdà mọ́ o! Ẹ wá wà á fúnra yín lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ìyá mi ní, "Ẹ ò sì sọ fún un pé kò lè yà?"

"Ọ̀nà Fate gbòòrò."

Mo mọ ohun tó kù láti ṣe. Kí n dá bóòtù méjèèjì padà sínú díẹ̀, kí n fi òòlù tẹ etí fẹ́ńdà wọnú. Táyà ò ní ha, mọ́tò á sì yà dáadáa. Iṣẹ́ kékeré ni. Mi ò ní ṣe é. Kí Alhaji Garba kọ́kọ́ dé ná, kó wa Ìjàpá dé ẹnu ọ̀nà wa, kó há síbẹ̀, kí àwọn ọmọ kéú kí i káàbọ̀, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ ní Fate. Tó bá ti lọ tán ni màá wọ abẹ́ mọ́tò. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe kí Alhaji tó dé, màá ní Bọ̀dá Sàní nìkan ló mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó sì wà ní Jẹ́bà.